Àwọn Baba Wa àti Ọ̀rọ̀ "Ó Dọ̀la"

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìtètèmólè, olè ń mólóko. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo òwe yìí, yóò rí i pé kì í ṣe olè ni ó ń bá wí, olóko ni. Olóko mọ̀ pé olè ń wọ oko òun, ó sì ní agbára láti mú un. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe ni pé kò tètè dìde, nígbà tí yóò sì fi dìde, ẹjọ́ ti yí padà: ẹni tí ó yẹ kí ó pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ ti di ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́. Àrùn tí òwe náà ń tọ́ka sí ni ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la, àrùn tí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, tí kò sì mọ ọ̀mọ̀wé yàtọ̀ sí púrúǹtù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pe ẹni tí àrùn yìí ń ṣe ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a mu. Ọ̀lẹ kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan. Afònídónìí a máa ṣiṣẹ́ títí òógùn yóò fi bò ó. Kìkì pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe. Baálé ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò a fi odidi òwúrọ̀ kan ẹsẹ̀ àga tí ó ń mì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀túnla a fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, a lọ̀ wọ́n, a to ìwé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sórí tábìlì, kò sì ní í ṣí ọ̀kan nínú wọn. Ìyá tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára a kọ́kọ́ yà lọ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ládùúgbò. Ta ni yóò pe àwọn wọ̀nyí ní ọ̀lẹ? Ojú ni ó ń dá ọwọ́ wọn dúró. Iṣẹ́ náà tóbi lójú wọn, tàbí kò dùn ún ṣe, tàbí kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lónìí.

Ohun tí ó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fún afònídónìí ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Bí a bá ní kí ó dìde, yóò ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá tún pè é, yóò ní bó pẹ́ bó yá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlẹ́sìn, yóò fi "bí Ọlọ́run bá fẹ́" dí i, bí ẹni pé Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí a tún òrùlé ṣe. Òtítọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣáájú iṣẹ́; ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ó máa ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ó ti gbin obì rẹ̀, tí ó ń ro ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò so, onísùúrù ni. Ẹni tí obì tí ó fẹ́ gbìn ṣì wà nínú agbọ̀n lórí àjà, tí ó wá ń wí fún aráyé pé ohun gbogbo ni ó ní àkókò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pè é ní onísùúrù.

Àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn baba wa, oko kì í sì í gba àwáwí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣán oko tuntun ní láti ṣán an nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí koríko àti ẹ̀ka igi lè gbẹ dáadáa, kí ó sì ti iná bọ̀ ọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí ó bá sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, tí òjò sì bá pàǹtí náà nílẹ̀, iná kò ní í ràn án mọ́, èpò yóò sì ti gba ilẹ̀ kí àgbàdo tó yọ orí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn tí ń gbin iṣu mọ̀ pé nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí erùpẹ̀ ṣì rọ̀, ni a ń kọ ebè. Ẹni tí ó bá dúró títí ọyẹ́ fi dé yóò fi ọkọ́ lu ilẹ̀ bí ẹni ń lu àpáta. Ìjáfara ọ̀sẹ̀ méjì lè di ebi ọdún kan gbáko fún ìyá, fún ọmọ, àti fún ìyá àgbà tí kò lè lọ sóko mọ́.

Nítorí pé ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tóbi tó báyìí, àwọn baba wa kò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n bá afònídónìí wí lóòótọ́, wọ́n sì pa òwe fún un, ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé òwe. Ọjọ́ ni wọ́n dá fún iṣẹ́ náà, ènìyàn ni wọ́n sì fi tì í.

Àáró ni àgbà nínú àwọn ètò wọ̀nyí. Ojúgbà mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ, yóò parapọ̀. Lónìí wọn yóò ṣiṣẹ́ lóko ẹni kìíní. Lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá fẹnu kò sí, wọn yóò lọ sí oko ẹni kejì, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ebè ni wọ́n kọ fún ẹni àkọ́kọ́, iye tí wọ́n kọ fún un ni wọn yóò kọ fún ẹni ìkẹyìn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń ka ebè bí ẹni ń ka owó. Àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa àáró sábà máa ń yìn ín nítorí ìrẹ́pọ̀ tí ó ń mú wá láàrin ọ̀rẹ́. Ìyìn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun mìíràn tí a kì í sábà mẹ́nu bà.

Ẹni tí ó dá oko ara rẹ̀ ro, bí ó bá jí tí ara rẹ̀ wúwo, òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni adájọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni yóò máa dá ara rẹ̀ láre. Ẹni tí ó wà nínú àáró kò ní irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni yóò ti gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójúde. Bí oko tirẹ̀ ni ó kàn, ojú yóò tì í kí àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́ tó bá a lórí ẹní. Bí oko ẹlòmíràn ni, ó mọ̀ pé tòun ń bọ̀ lọ́nà, àti pé bí òun bá ṣe é bí ẹni tí kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe é fún òun náà. Ọjọ́ náà kò sì ṣe é sún. Bí ẹni kìíní bá sún ọjọ́ tirẹ̀, ti ẹni kejì ti yẹ̀, ti ẹni kẹta ti dàrú, òjò kò sì ní í dúró de ẹni kẹrin. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan dúró, ó lè rán àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí kí ó jẹ gbèsè iṣẹ́ náà títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ọjọ́ kò ní í tìtorí rẹ̀ yí padà.

Ti ìwọ̀n iṣẹ́ tún wà ńbẹ̀. Igba ebè lójú ẹnì kan ṣoṣo, òkè ni, ẹni tí ó bá sì ń wo òkè lè wò ó títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn márùn-ún bá pín in, ogójì péré ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń kọ ogójì kì í ronú igba. Poro tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń wò, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn àgbà ń wí náà nìyẹn pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń ran ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, nítorí ẹyìn tí a ti gé kò mọ ẹ̀bẹ̀. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ a kan.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró. Iṣẹ́ ńlá ni a ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí: ilé kíkọ́, òrùlé bíbò, tàbí oko àna. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ kò jẹ gbèsè ebè fún ebè bí ti àáró, ṣùgbọ́n oúnjẹ di dandan fún un. Inú oúnjẹ yìí gan-an ni ọgbọ́n náà fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó ti ra ẹran, tí àwọn aya rẹ̀ ti bó iṣu kalẹ̀, tí ẹlẹ́mu sì ti gbé agbè rẹ̀ dé, kò tún lè yọjú síta kí ó ní ó dọ̀la. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé amọ̀ kò fẹ́ ọ̀la. Ìpele kan ní láti gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, gbogbo rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri yóò padà di ẹrẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́, òrùlé ààfin pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé láyé àtijọ́, koríko a sì máa jẹrà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru koríko náà wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe, pẹ̀lú ìlù àti ayọ̀. Kò sí ìránṣẹ́ ààfin tí ó ní láti máa rántí pé òrùlé ti ń gbó. Iṣẹ́ tí ìbá sú ènìyàn ni wọ́n sọ di ọdún tí tọmọdé tàgbà ń fojú sọ́nà fún.

Nínú ilé, èèwọ̀ ni wọ́n lò. A kì í gbálẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbálẹ̀ lálẹ́ ń gbá ọrọ̀ ilé dànù ni. Àwọn ọ̀làjú a máa rẹ́rìn-ín èyí, àwọn mìíràn a sì ṣàlàyé pé nítorí àìsí iná mọ̀nàmọ́ná ni, kí owó ẹyọ tàbí òrùka tí ó já bọ́ má baà bá ìdọ̀tí lọ. Àlàyé náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èèwọ̀ yìí ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí oorun ń kùn. Ó ti ilẹ̀kùn alẹ́ mọ́ ọn. Kò sí ibòmíràn tí yóò sún ilẹ̀ gbígbá sí, àfi kí ó gbá a ní kùtùkùtù kí àlejò tó wọlé.

Kàlẹ́ńdà wọn náà kò fàyè gba ọjọ́ tí kò lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni tiwọn, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, àti nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrọọrún ni wọ́n ń pe ìpàdé tàbí ọjà tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ọjà ńlá lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ìpàdé ẹgbẹ́ a sì máa jẹ́ ìtàdógún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣèlérí, "ọjà tí ó ń bọ̀" ni yóò sọ, ọjà kò sì jìnnà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Àìdánilójú ayé ni a sábà máa ń fa òwe yìí yọ láti fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé babaláwo kì í dúró de ìgbà tí ìyọnu bá dé kí ó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ ni ó ń tẹ̀ lé.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo wọn ni ti àwọn onígbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè. Ẹni tí a rán yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bèèrè oúnjẹ, kò sì ní í kúrò títí owó yóò fi jáde. Ìwà ìkà ni lójú ọmọ òde òní, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ó padà wá. Síbẹ̀, èrò kan náà ni ó wà nínú iṣẹ́ alájọ, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Alájọ a máa kan ìsọ̀ oníbàárà rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, kí oníbàárà má baà sọ pé ọ̀la ni òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Gbogbo wa ni a mọ àwàdà tí wọ́n ń ṣe nípa Alájọ Ṣómólú l'Ékòó, pé orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ta mọ́tò láti fi ra kẹ̀kẹ́. Àwàdà náà ní òye nínú: kẹ̀kẹ́ a máa wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò kò lè wọ̀, ẹnu ọ̀nà oníbàárà sì ni alájọ gbọdọ̀ dé.

Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì pé ọjọ́ dídá ni ó ń lé iṣẹ́, kí ó lọ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bú tó télọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. "Ẹ padà wá lọ́la" ni orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó di aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí ìgbéyàwó wà ní òwúrọ̀ Sátidé, kí aṣọ ẹbí ogún wà nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yóò máa dún, ọmọ iṣẹ́ kan yóò máa rán bọ́tìnnì, èkejì yóò máa lọ aṣọ, nígbà tí ìyàwó bá sì fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ogún náà ti pé lọ́rùn àwọn onínáwó, bí apá ọ̀kan tilẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Aṣọ tí a gbé fún ọkùnrin kan náà láìsọ ọjọ́ tí a ó wọ̀ ọ́ ṣì wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ tábìlì rẹ̀ láti ọdún àjíǹde. Kì í ṣe pé ó kórìíra oníbàárà yìí ju tọ̀hún lọ. Aṣọ tọ̀hún ní ọjọ́. Ti èyí kò ní.

Ìjọba náà ti gbìyànjú àtidá ọjọ́ fún iṣẹ́. Nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìgbógunti ìwà àìbìkítà ní 1984, ni ìmọ́tótó àyíká di ohun tí a dá Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù sí, tí a sì sé ọ̀nà mọ́ àwọn awakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Gọ́tà mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgba àti ọlọ́pàá ni ó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ojú ẹgbẹ́ ẹni, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fagi lé ìséde náà ní 2016, ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbé ṣọ́bìrì wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ó tún burú ni ọjọ́ tí a ń dá tí a sì ń yẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sún ọjọ́ náà léraléra títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó dí ìpè àwọn tí kò ṣe é. Ní 2022 yìí kan náà ni àjọ elétò ìdìbò sún ìparí ìforúkọsílẹ̀ láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ìdí pàtàkì lè wà fún sísún ọjọ́, èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ kò tó, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tò lọ́jọ́ ìkẹyìn ni ó jáfara. Síbẹ̀, ará ìlú ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí àáró kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, pé ọjọ́ tí a dá kì í ṣe ọjọ́.

Lóde òní, oko ti jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ tí wọ́n ń sún síwájú kì í sì í ṣe ebè mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìwé ilẹ̀ tí a kò tíì lọ fi orúkọ sí ni. Èyí tí ó tìnà jù nínú wọn ni ìwé ìhágún, nítorí ẹni tí yóò jìyà àìṣe rẹ̀ kò ní í jẹ́ ẹni tí ó sún un síwájú. Bàbá tí ó kọ́ ilé méjì, tí ó bí ọmọ fún ìyá mẹ́ta, mọ̀ dáadáa pé ó yẹ kí òun kọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aya kò gbọdọ̀, ọmọ kò jẹ́ dán an wò, kí a má baà ní ó ń fẹ́ ikú bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí pé ó dọ̀la títí ọ̀la yóò fi dé láìbá a, tí àwọn ọmọ yóò sì máa bára wọn ní kóòtù fún ọdún mẹ́wàá lórí ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ń wó lulẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí ni àáró ṣì yẹ fún. Kò gbà ju ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ. Kí wọ́n dá Ọjọ́bọ̀ kan fún ti Àkàndé, kí wọ́n dá Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e fún ti Àjàní, kí wọ́n jọ gba ilé agbẹjọ́rò lọ, kí èkejì jókòó síta títí èkíní yóò fi fọwọ́ sí ìwé tán. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, bí Àjàní bá tilẹ̀ jí tí ó ní eegun ẹ̀yìn ń ro òun, Àkàndé tí ti tirẹ̀ ti parí yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ, fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́, yóò máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé pé ṣé bàbá wọn ti wẹ̀.